Ó Dúdú Bí Ẹtù

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi sọ fún mi pé ojú wọn ti ń fọ́, orí ìdúró ni mo wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n lóyún mi ní Diobu, ní Port Harcourt, àwọn ò rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé inú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ṣì wà nínú oṣù mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, ìbẹ̀rù pé wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé sì tún dá kún un.

"Bùkọ́, ti ilẹ̀kùn yẹn," ni Ọ̀gá Ládòkun wí.

Mo tì í.

"Jókòó. Àbí ìjàlọ wà lórí àga yẹn ni?"

Mo jókòó sí etí àga. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ò lè ka apá kan nínú ohun tó wà lójú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bàbá àwọn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tí ojú wọn fi fọ́ pátápátá, àti pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn.

"Báwo ló ṣe ń rí lójú yín, sà?"

"Ó dúdú," wọ́n ní. "Ó dúdú bí ẹtù. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà."

Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní n kò ní sọ. Mo dìde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, nítorí pé n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ilé iṣẹ́ wa ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òṣìṣẹ́ àti ẹrù láti Abuloma lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú odò. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ní gbogbo ìṣẹ́jú pé mo wà níbí, mo wà níbí. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nínú yàrá tútù, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi. Òun ló ń gba iṣẹ́ náà, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ báyìí ti dé, ọkọ̀ báyìí ṣì wà lọ́nà. Ọ̀gá Ládòkun ló ń kọ ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé. Wọ́n ti ṣe é láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tó wọn.

Linux ló ń darí kọ̀ǹpútà yẹn, ojú rẹ̀ kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ má retí àwòrán, ẹ má retí ohun tí ẹ ó fi mọ́ọ̀sì tẹ̀. Ojú dúdú ni, lẹ́tà ló wà lórí rẹ̀, ó parí. Vim lorúkọ ètò tí a fi ń kọ nǹkan sínú fáìlì níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè wọlé kó má mọ ọ̀nà àbájáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń wá bí n ó ṣe jáde. Mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Ọ̀gá Ládòkun dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń mu tíì wọn, wọn ò wí nǹkan kan títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà tí n ó yọ.

"Irú ìlà méjì ló wà nínú fáìlì, Bùkọ́," wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. "Èyí tí ẹ̀rọ ń kà, àti èyí tí èèyàn ń kà. Òpè ló ń ka ọ̀kan ṣoṣo."

Ìlà tí èèyàn ń kà, àmì kan tó dà bí irin ojú fèrèsé ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti rí àmì yẹn, á fò ó kọjá. Èèyàn nìkan ló wà fún, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ìdí tí ẹni iwájú fi ṣe ohun tó ṣe. Òyìnbó ni gbogbo ayé fi ń kọ ọ́. Yorùbá ni Ọ̀gá Ládòkun fi ń kọ tiwọn, láìfi àmì kankan sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀, nítorí pé wọ́n ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú dáadáa ní òyìnbó. Nínú fáìlì kan, mo ka èyí, èmi ni mo fi àmì sí i fún yín: "Ẹni tó bá yí ibí yìí padà, kó lọ ṣàlàyé fún ìyá mi ní Ìsẹ́yìn." Nínú òmíràn: "Mo mọ̀ pé kò rẹwà. Ó ń ṣiṣẹ́. Fi í sílẹ̀." Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wa, àwa méjèèjì nìkan ló gbọ́ èdè náà, tèmi pàápàá ní àmúlùmálà nínú, nítorí pé Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, Pidgin ló sì yọ lẹ́nu mi kí Yorùbá tó yọ.

Kí ọ̀rọ̀ ojú yìí tó bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun sínú yàrá tútù. Ti àtijọ́, funfun ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Tuntun mú àwọ̀ wá: nọ́ńbà ní àwọ̀ tirẹ̀, àṣẹ ní tirẹ̀, àwọn ìlà tí èèyàn ń kà náà ní tiwọn. Ọ̀gá Ládòkun máa ń jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, lójú dúdú yẹn. Èmi kì í wọ yàrá tútù. Orí tábìlì mi ni mo ti ń gba orí wáyà wọlé sí i, ojú tí mo sì ń lò funfun bí ìwé. Lórí funfun yẹn, àwọn ìlà tí èèyàn ń kà wá ṣá lójú mi, bí omi tí wọ́n fi búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sí. Mo ń fún ojú, mo ń sún mọ́ ọn, inú ń bí mi.

Ẹlòmíràn ì bá béèrè. Èmi kọ́. Mo wá fáìlì ètò tí vim máa ń kọ́kọ́ kà tó bá jí, mo rí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ pé set background=dark. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ojú tí a ń lò ṣókùnkùn, yan àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Tèmi kò ṣókùnkùn. Mo yọ dark, mo fi light sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo lẹ́tà mi yọ kedere. Mo dìde, mo lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́nu géètì, mo gbàgbé pé mo ṣe nǹkan kan. Fáìlì àjùmọ̀lò ni, gbogbo wa ló ń kà á. Ojú tèmi nìkan ni mo wò.

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Ọ̀gá Ládòkun bá mi sọ̀rọ̀ ni ọkọ̀ há. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wa bá gúnlẹ̀, awakọ̀ á pa ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí náà tí ọkọ̀ kan bá ti sún mọ́ èbúté, tó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé ó ti dé. Àwọn tó wà lókè ní ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà fi ń dúró ti pọ̀ jù, kí a dín in kù. Ọ̀gá Ládòkun dín in kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi fà, ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀ lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tó ń hù nínú omi etí odò, níbi tí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń rán kì í ti í jáde. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ó ti dé. Kò sẹ́ni tó wá wọn. Nínú oòrùn ni wọ́n wà títí di ọ̀sán, títí apẹja kan fi rí wọn. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọkùnrin kan lọ sílé ìwòsàn, ariwo sì gba gbogbo ọ́fíìsì.

Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni ni pé Ọ̀gá Ládòkun ló ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Madam Ibim, ọmọ Òkrìkà, tó jẹ́ olórí wa, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"Buki, you be him person," ni Madam wí. "That man no dey make this kind mistake. If na carelessness, I go sack am today. Talk true. Wetin happen?"

Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní sọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé wọn kì í lé aláìsàn bí wọ́n ṣe ń lé aláìbìkítà, pé tí mo bá sọ ọ́, mo ti gbà wọ́n là nìyẹn. Bí mo ṣe rò ó náà ni mo sọ ọ́, n kò dúró.

"Ma, him eye don dey go," mo ní. "E tell me say where him dey look, everything black. Black like gunpowder."

"Black?"

"Yes ma. Black."

Madam kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i bí bírò ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí Ọ̀gá Ládòkun lọ fi ojú wọn han dókítà, kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí èsì yóò fi dé. Tí èsì bá sọ pé ojú ń lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn, ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà tó yẹ. Wọ́n kó ife tíì wọn àti gíláàsì ojú wọn sínú báàgì. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n dúró.

"O ṣeun, Bùkọ́," wọ́n ní.

Kò sí èébú tó lè dùn mí tó o ṣeun yẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, tèmi sì ti fọ́ sórí tábìlì Madam. Fún ọjọ́ mẹ́rin n kò lè jẹun lórí ìjókòó. Mo ń rìn láti ibi omi dé ibi fèrèsé, láti ibi fèrèsé dé ibi àtẹ̀gùn, àwọn akọ̀wé ní kí n jọ̀ọ́, mo ń mú kí òòyì kọ́ àwọn. Mo kó iṣẹ́ Ọ̀gá Ládòkun mọ́ tèmi. N kò ka ìlà tí èèyàn ń kà kankan, nítorí pé ohùn wọn ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀ bí òjò Port Harcourt ṣe máa ń rọ̀, wáyà tó so tábìlì mi mọ́ yàrá tútù sì kú. Awakọ̀ kan ń dúró de ìtọ́ni. Kò sí ọgbọ́n méjì, mo ní láti wọ yàrá tútù, kí n jókòó sórí àga Ọ̀gá Ládòkun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà tuntun ti dé nìyẹn.

Mo ṣí fáìlì tí wọ́n ti dín ìṣẹ́jú kù. Àṣẹ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Àwọn ìlà tí èèyàn ń kà kò sí níbẹ̀. Òfìfo ni. Mo kọ́kọ́ rò pé Ọ̀gá Ládòkun fi ìbínú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó lọ, ojú sì tì mí pé mo lè rò bẹ́ẹ̀. Mo gbé àmì tó ń ṣẹ́jú, èyí tó ń fi ibi tí mo dé hàn, sórí òfìfo náà, mo ń tì í lọ síwájú. Ó ń lọ ní lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ojú mi sún mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà títí imú mi fi fẹ́ẹ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Búlúù ni, búlúù tó jinlẹ̀ débi pé ó ti fẹ́ẹ́ rì sínú dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ìka tọ̀ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: "Má dín iye yìí kù o. Tí omi bá fà, ọkọ̀ máa ń dákẹ́ lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé n ó gbàgbé."

Mo ka ìyẹn tán, òógùn bò mí nínú yàrá tútù. Light. Mo ti sọ fún ètò náà pé ojú gbogbo wa funfun, òun náà sì ti yan àwọ̀ tó ṣókùnkùn fún gbogbo wa. Lórí funfun tèmi, ó dára. Lórí dúdú tiwọn, mo ti fi dúdú bo dúdú. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ará ilé tí mo ní nínú ọ́fíìsì yẹn.

Mo dá dark padà sípò rẹ̀. Mo pa vim, mo tún un ṣí. Gbogbo ìlà Ọ̀gá Ládòkun yọ, ó mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ti ìgbà yìí, mo ronú kí n tó dìde. Ojú funfun tèmi náà ń fẹ́ light rẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní fáìlì ètò kékeré nínú yàrá tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹlòmíràn kì í kà. Ibẹ̀ ni mo kọ tèmi sí. Ìlà kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fún awakọ̀ ní ìtọ́ni rẹ̀, mo gun ọ̀kadà sínú òjò, mo dorí kọ ilé Ọ̀gá Ládòkun ní Abuloma.

Ìyàwó Ọ̀gá Ládòkun, tí a ń pè ní Mama Kẹ́mi, ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí bí mo ṣe ń kán tótó, wọ́n fún mi ní tówẹ̀lì, wọn ò bi mí léèrè. Ọ̀gá Ládòkun wà ní pálọ̀. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n ti buwọ́ lù ú: wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn kí ilé iṣẹ́ tó ní kí wọ́n máa lọ. Aṣọ kan wà lórí orúnkún wọn, aṣọ òfì tó wúwo. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ ìlà inú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ojú yín kò fọ́," mo ní. N kò tíì jókòó. Ọ̀sán ni, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́.

"Bùkọ́, má fi àánú tàn mí."

"Kì í ṣe àánú, sà. Àwọ̀ ni. Àwọn ìlà tí èèyàn ń kà, kì í ṣe pé ẹ ò rí wọn. Búlúù ni wọ́n, lórí dúdú. Èmi náà ò rí wọn."

Wọ́n gbójú sókè. "Ṣé mo sọ fún ẹ pé n kò rí wọn ni? Mo sọ fún ẹ pé wọ́n dúdú bí ẹtù." Wọ́n gbé aṣọ orúnkún wọn sókè. "Bí èyí. Bàbá mi ló hun ún. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ó ń ṣókùnkùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú tiwọn náà nìyẹn."

Mo sún mọ́ aṣọ náà. Lókèèrè, ì bá jọ dúdú. Nítòsí, aró ni, aró tí wọ́n rẹ léraléra títí ó fi jinlẹ̀, ìlà funfun tín-ín-rín sì là á já.

"Èyí ni ẹtù?" mo béèrè.

"Kí lo rò pé mo ń wí?"

Mo wo ilẹ̀. "Ẹ̀tù, sà. Ti inú ìbọn." Nílé wa, tí ìkòkò bá jóná, ìyá mi á ní ó dúdú bí ẹ̀tù. N kò rí aṣọ ẹtù rí láyé mi. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, etí tí Pidgin ti tọ́ dàgbà kò sì gbọ́ ọ. "Mo sọ fún Madam pé black ni. Pé black like gunpowder."

Mama Kẹ́mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọ̀gá Ládòkun gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. "Gunpowder," wọ́n ń wí. "Ọmọ yìí sọ mí di ọdẹ."

Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Àwọ̀ yẹn, ta ló yí i?"

Mo lè sọ pé ẹ̀rọ tuntun ni. Ó fẹ́ yọ lẹ́nu mi. "Èmi ni, sà. Mo yí ọ̀rọ̀ kan padà nítorí ojú tèmi. N kò béèrè."

Wọ́n ká aṣọ náà. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, n kò lè dìde. Mo ń gbọ́ wọn nínú yàrá tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ bàtà, àwọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ara wọn ò balẹ̀, tí wọ́n ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Dìde," wọ́n ní. "Ìgbà tí èèyàn bá ní kí o jókòó, o ò ní jókòó."

Nínú yàrá tútù, wọ́n jókòó sórí àga wọn, mo ṣí fáìlì fún wọn. Wọ́n kà á sókè. Kì í ṣe ìlà kan, gbogbo rẹ̀ ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìbínú ọdún mélòó kan, àwàdà ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi "má dín iye yìí kù o," wọ́n tún un kà. Ẹnu ibẹ̀ ni Madam Ibim bá wa.

"Oga Ladokun, I say make you no touch—"

"Madam, abeg come look."

Mo fi light sí i, àwọn ìlà rì. Mo dá dark padà, wọ́n yọ. Madam kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ àti bí ó ṣe padà. Madam ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"So who change am first?"

Ọ̀gá Ládòkun yára la ẹnu. "Madam, you know say this new machine—"

"Na me, ma," mo ní. "And no be gunpowder him talk. Na cloth."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn tó yé Madam. Èyí tó kù kò pẹ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní query, wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún ìgbà ìdánwò mi, wọ́n sì ní kí Ọ̀gá Ládòkun padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Ládòkun yọ lẹ́tà wọn jáde nínú àpò, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi há ẹsẹ̀ tábìlì tó ti ń mì láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí n wá jókòó, kí n kọ ìlà kan sínú fáìlì ètò, sókè ibi tí dark wà. Wọ́n pè é, mo kọ ọ́ láìsí àmì, bíi tiwọn: "Etu ni, ki i se etu. Ki o to yi i, lo jokoo si aga enikeji re."

Nígbà tí èsì dókítà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ní àrùn bàbá wọn ti bẹ̀rẹ̀ lójú òsì, díẹ̀ ni, tí kò tíì dí ìríran lọ́wọ́. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n ó máa kán sójú lójoojúmọ́. Dókítà ní ká ní wọn ò tètè wá ni, ì bá ti pẹ́ jù. Mama Kẹ́mi dì mọ́ mi, wọ́n ní àṣìṣe mi ló jẹ́ kí wọ́n tètè rí i. N kò mọ̀ bóyá kí n gba ọpẹ́ ni àbí kí n tún tọrọ àforíjì. Títí dòní, n kò tíì mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń gbé mi dìde lórí àga.

Ọ̀gá Ládòkun ṣe ọdún mẹ́rin wọn pé, wọ́n sì tún fi méjì lé e. Èmi ni mo wà lórí àga yẹn báyìí, ní yàrá tútù. Ẹnikẹ́ni tó bá dé tuntun, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí n gbé e káàkiri ọ́fíìsì, kó jókòó sórí àga ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó rí fún mi. Tó bá sọ pé ó dúdú, mo máa ń ní irú dúdú wo.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Ọ̀gá Ládòkun ní Abuloma. Ọjọ́ orí ti bá oògùn jà, ọjọ́ orí ń borí díẹ̀díẹ̀, wọ́n mọ èèyàn nípa ohùn báyìí ju nípa ojú lọ. Mo ró aṣọ tí Mama Kẹ́mi fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi mọ́dìí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Bùkọ́," wọ́n ní, "kí lo wọ̀ wá? Ó ń ṣókùnkùn lójú mi."

"Ó dúdú ni, sà."

"Bí kí ni?"

Mo mú ọwọ́ wọn, mo gbé e lé aṣọ náà, títí àtàǹpàkò wọn fi rí ìlà tín-ín-rín tí bàbá wọn hun. Mo rọra pe ohùn náà, kí n má ṣì í pè mọ́.

"Bí ẹtù, sà."

Wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n. Mo jókòó, mo sì pẹ́ níbẹ̀.